Ìyá Alábẹ́rẹ́ àti Okùn Tó Le Jù

Bí ẹ bá ń wá Ìyá Alábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, ẹ má wulẹ̀ fẹsẹ̀ yín ṣòfò lọ sílé rẹ̀. Yàrá ìránṣọ tó wà lókè ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ bọ́ bàtà o! Ìgbòkun ọkọ̀ ló ń rán, ìgbòkun kan sì lè fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, kò sí tábìlì tó gbà á. Ilẹ̀ pákó ló ń tẹ́ ẹ sí, pákó náà sì ń dán débi pé èèyàn lè jẹun lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá èbúté fúnra rẹ̀, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa bá a délé. Àárín aṣọ funfun rẹpẹtẹ yẹn lẹ máa bá obìnrin náà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó de awọ líle mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó fi ń ti abẹ́rẹ́ wọnú aṣọ, tó fi ọ̀bẹ kékeré kan kọ́rùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn.

Ọ̀bẹ yẹn kì í dùn mọ́ àwọn atukọ̀ nínú. Èèwọ̀ kan wà láàárín wọn ní èbúté yẹn: a kì í gé okùn, títú là ń tú u. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan okùn tó dáa, wọ́n á ní kò mọ okùn-ún so, ọmọ orí ilẹ̀ lásán ni. Ẹni tó sì di èèwọ̀ yìí mú ju gbogbo wọn lọ ni ọkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan Rẹ̀? Obìnrin tí ọ̀bẹ ò kúrò lọ́rùn rẹ̀, ọkùnrin tí kò fẹ́ fojú rí ọ̀bẹ ló fẹ́ ẹ. Bí ọkọ bá ti wọ yàrá ìránṣọ, á ní, "Ìyá wa, fi nǹkan yẹn pa mọ́ sínú aṣọ." Ìyàwó á ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ fi èèwọ̀ yín pa mọ́ sínú àpò." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Fà-á-le ni gbogbo èbúté ń pe bàbá náà, torí ohun tó máa ń pariwo nìyẹn tí ọkọ̀ bá ti ń gúnlẹ̀: "Fà á le! Mo ní ẹ fà á le!" Lójú rẹ̀, àti lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, okùn tó bá dẹ̀, ọ̀lẹ ló so ó. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tí okùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n á bi ara wọn bóyá àìsàn ló dá olówó rẹ̀ gúnlẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀yìn ilé wọn ló ti kan ọkọ̀ ìgbòkun tirẹ̀, pákó kan lónìí, pákó kan lọ́la, láti ìgbà tí ọmọbìnrin wọn wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí ọmọ náà fi jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ funfun ni, ó ní ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní yàrá kékeré kan nínú tí bẹ́ẹ̀dì ẹyọ kan wà. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ìgbàkígbà tí ìjì bá ń bọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń sá wọlé, Fà-á-le á gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó di inú ọkọ̀. Á ní òun ń lọ ṣọ́ ọ. Tí ìyàwó bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ìjì kì í jà kó da omi inú àgbọn nù." Ìyàwó á ní, "Àgbọn ni yín?" Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Àmọ́ nígbà tí ìjì kan jà, ẹ̀rín tán. Fà-á-le délé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì di ọwọ́ òsì, ẹ̀jẹ̀ ń kán tótó. Okùn ló ń fà le nígbà tí ọkọ̀ ń fò sókè sódò, ni okùn náà bá ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n so ó mọ́. Ìka méjì ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá Alábẹ́rẹ́ jókòó tì í ní ọsibítù, kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ó wá là á mọ́lẹ̀: "Ìka nìyí. Ìjì tó ń bọ̀, ẹ̀mí ló máa bèèrè. Lágbára Ọlọ́run, kò ní bá yín nínú ọkọ̀."

Bàbá ní, "A ó máa wò ó."

"A ò ní wo nǹkan kan."

Àwọn kan wà, tí wọ́n bá ti pinnu tán, wọ́n á lọ sùn. Ìyá Alábẹ́rẹ́ kọ́. Nígbà tí ọ̀gá èbúté pe ìpàdé lẹ́yìn ìjì yẹn, ó ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, ó lọ dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Ọ̀gá èbúté, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ò le, ní kì í ṣe atẹ́gùn ló rì èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó rì. "Omi ló gòkè," ló wí. "Ìjì máa ń ti omi òkun wọ èbúté. Ọkọ̀ fẹ́ bá omi gòkè, okùn kúkúrú tó le ò jẹ́. Á di orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi á fi wọ inú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rì wọ́n, ẹ̀yin àti okùn yín."

Àwọn atukọ̀ pòṣé. Onírùngbọ̀n, ọ̀rẹ́ Fà-á-le tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ní ọkọ̀ tí wọ́n bá so dẹngbẹrẹ bí ewúrẹ́, ṣé ewúrẹ́ ló máa wà á ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ká. Ìyá Alábẹ́rẹ́ nìkan ló dúró tó ń da ìbéèrè bo ọ̀gá: báwo ni okùn ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó? Òpó wo la máa so ó mọ́? Kí ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń já? Ọkùnrin náà fi ẹfun ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ oníbàárà bá ti dín, á gbé tirẹ̀ jáde. Ó lọ bẹ àwọn panápaná, wọ́n fún un ní páìpù omi wọn tó ti gbó. Ó gé e, ó fi aṣọ ìgbòkun tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀, ó rán an bí apá ẹ̀wù, kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá níbi tó bá ti ń ha ọkọ̀ lára. Okùn kì í kúkú ṣàdédé já láàárín, ibi tó bá ti ń ha ló ti ń já. Ó wá okùn ọ̀rá gígùn, irú èyí tó máa ń fà díẹ̀ tó sì ń padà sípò, ó ká a jọ sí igun yàrá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé kí ni gbogbo ìyẹn, ó ní, "Bàbá rẹ ni mò ń rán ẹ̀wù fún."

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, tí omi dákẹ́ rọ́rọ́ bíi pé kò mọ nǹkan kan, rédíò ní ìjì líle ń bọ̀, ó máa dé lọ́la lẹ́yìn ọ̀sán. Fà-á-le dìde, ó ń wá ìrọ̀rí. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá wa, ẹ gbé ìrọ̀rí yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúnàádúrà. Kí lẹ máa ń ṣe nínú ọkọ̀ tí ìjì bá ń jà?"

"Mò ń ṣọ́ ọ."

"Ṣíṣọ́ báwo? Ṣé ẹ máa ń bá ìjì sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo máa ń tún okùn so tó bá ń ha. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe."

"Tí n bá wá so okùn tí kò ní ha, tó sì máa jẹ́ kó bá omi gòkè, iṣẹ́ wo ló kù fún yín níbẹ̀?"

Bàbá fi ọwọ́ tó dáa họ orí. Ó ní, "Tí mo bá fojú ara mi rí i pé okùn rẹ lè ṣe iṣẹ́ mi, màá wá sílé."

"Ó yá, ẹ bọ́ síwájú."

Wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n kọ́kọ́ bọ́ gbogbo ìgbòkun kúrò lórí òpó inú ọkọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí yàrá ìránṣọ, torí ìgbòkun tí wọ́n bá kàn ká sórí ọkọ̀, ìjì á tú u, á sì fi gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n kó àga, agolo, garawa, gbogbo ohun tó lè fò. Wọ́n so táyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa okùn gígùn, méjì méjì, láti iwájú àti láti ìdí, lọ sára àwọn òpó èbúté tó jìnnà, kì í ṣe èyí tó wà nítòsí, kí ọkọ̀ lè ráyè gòkè. Níbi gbogbo tí okùn ti kan irin, Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi apá ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, ó fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ okùn kó má baà yọ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọkọ̀ náà dúró láàárín okùn rẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Fà-á-le yí i po, ó wò ó. Kò dùn mọ́ ọn. Okùn dẹ̀! Àmọ́ kò rí ibi tó ń ha, ó sì ti ṣèlérí. "Ó dáa," ló wí, "ó máa ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń kúrò ní èbúté, Onírùngbọ̀n rí wọn. Òun ti so ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́ òpó ìtòsí, ó le gbagidi, ó sì ń lọ sùn sílé ní tirẹ̀. Ó wo okùn wọn, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lọgun: "Fà-á-le! Ṣé aṣọ ni ìyàwó ẹ fẹ́ sá sórí okùn yẹn?" Gbogbo èrò èbúté bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní, "Ẹ kó tiyín náà wá, màá bá yín sá a." Fà-á-le náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in.

Ilé ọmọ wọn tó wà lórí òkè ni wọ́n sá lọ. Ọmọ gbé tíì síwájú wọn lẹ́bàá fèrèsé. Fà-á-le jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ojú ọ̀run ti ń ṣú nígbà tó ní òun ń lọ ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níkòríta. Tíì rẹ̀ tutù, kò dé. Ìyá Alábẹ́rẹ́ wo ara ìṣó tí kóòtù òjò rẹ̀ wà, kò sí ńbẹ̀. Ó wo orí àga, ìrọ̀rí tó gbé wá láti ilé náà ti lọ.

"Ta ló ń gbé ìrọ̀rí lọ ra bátìrì?" ló wí. Ó dìde.

Ọmọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. "Màámi, ẹ ò gbọdọ̀ jáde! Ẹ gbọ́ atẹ́gùn yẹn!"

"Mo gbọ́ ọ. Yàgò fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn panápaná!"

"Pè wọ́n. Kí wọ́n tó dé, màá ti débẹ̀. Mi ò rán gbogbo ẹ̀wù yẹn kí n tún wá máa sọkún ọkọ."

Ó sọ̀kalẹ̀ òkè náà, ó ń di ògiri mú láti ilé dé ilé. Òjò ń gbá a lójú bí iyanrìn. Ẹ̀rù ń bà á, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ tí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó ń wo ibi tó ń fẹsẹ̀ sí, ó sì ń lọ. Nígbà tó dé èbúté, omi ti gun orí afárá pákó tí wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo ọkọ̀ wọn. Ìdí ọkọ̀ wà lókè, orí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹran tó fẹ́ mumi, ìgbì tó bá sì dé ń gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo okùn tó so ló wà níbẹ̀ gbọingbọin. Ẹyọ okùn kan ló wà tí kì í ṣe tirẹ̀, okùn kúkúrú tó nípọn, tí wọ́n so mọ́ òpó ìtòsí, tó le bí irin. Ọ̀rọ̀ aṣọ sísá ò jẹ́ kí Fà-á-le lè gbádùn, ó ti wá fi okùn tirẹ̀ kún un, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i pé ọkùnrin ló ni ọkọ̀.

Bàbá náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó ń fi ìka mẹ́jọ tú okùn náà lórí irin tó so ó mọ́. Omi ti fà á débi pé kò lè tú mọ́. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dúró de ìgbà tí ọkọ̀ fì sún mọ́ afárá, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó wọlé.

"Ìyá wa! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ yàgò, kí n gé e!"

"Ó máa tú! Fún mi ní ìṣẹ́jú kan!"

"Kò ní tú!"

"A kì í gé okùn!" Ó da àyà rẹ̀ bo okùn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ò sọ "ìwọ" sí ọkọ rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà, ì báà jẹ́ nínú àwàdà. Lọ́jọ́ náà, ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà. "Ìwọ bàbá yìí, kúrò lórí okùn yẹn! O fẹ́ kú torí pé Onírùngbọ̀n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín? Mo ní kúrò!"

Bàbá kúrò. Ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀bẹ lórí okùn lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Okùn tó ti le tó yẹn kì í pẹ́ já. Ó dún bí ìbọn, orí ọkọ̀ fò sókè, àwọn méjèèjì fìdí jókòó sínú omi. Àwọn okùn gígùn fà díẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ sì bá omi gòkè bó ṣe yẹ kó ti máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. "Ó yá, ilé."

Fà-á-le mi orí. "Ìwọ máa lọ. Ìjì yìí ò tíì dé tán. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀."

Ẹni tó bá rò pé obìnrin náà máa bẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Ó rọra kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó wọ inú yàrá kékeré yẹn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó ká apá.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mi ò lọ mọ́. Tí okùn yìí bá tó gbé ẹ̀mí rẹ, ó tó gbé tèmi."

"Ìyá wa, má ṣeré! Omi ń kún! O ò mọ ohun tí ìjì yìí lè ṣe!"

"Ìwọ mọ̀ ọ́n, o sì ní o máa dúró. Èmi náà ń dúró. Wá jókòó, kó o sún mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀dì yìí kéré."

Fà-á-le dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ lára, tí ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Orí ara rẹ̀, ó lè fi ta tẹ́tẹ́. Ti obìnrin yìí, kò lè ṣe é. Ẹ̀rù tí kò bà á láti ọjọ́ tó ti ń tukọ̀ wá bà á lójijì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde," ló wí. "Dìde, ìyàwó mi. Jọ̀ọ́, ká lọ sílé."

"Ìrọ̀rí ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀!"

Wọ́n di ara wọn mú gun òkè náà. Ọmọ wọn àti panápaná méjì pàdé wọn lọ́nà, ọmọ náà sì bú sẹ́kún bó ṣe rí wọn.

Ìjì náà jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo èèyàn rọ́ lọ sí èbúté. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ méjì ti gun orí títì. Onírùngbọ̀n dúró létí omi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Orí òpó ìgbòkun nìkan ló kù tó yọ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn okùn rẹ̀ ò já, wọ́n ṣì le bó ṣe so wọ́n, wọ́n lọ tààrà sísàlẹ̀ omi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fà-á-le gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ọkọ̀ funfun náà wà lójú omi. Táyà kan ti lọ, gíláàsì fèrèsé kan ti fọ́, ìlà búlúù rẹ̀ ti bó. Irin ti jẹ apá ẹ̀wù kan dé inú, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe okùn tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni ẹkún tí kò sun ní ọsibítù ti wá, ó sun ún dáadáa, kò sì bo ojú.

Fà-á-le ò wọ inú ọkọ̀. Ìdí òpó ìtòsí ló lọ. Okùn rẹ̀ tí wọ́n gé ṣì rọ̀ síbẹ̀, kókó tó fi ń fọ́nnu láti ìgbà èwe ṣì wà lára òpó bó ṣe ta á. Koríko òkun ti lẹ̀ mọ́ orí òpó náà pátápátá, omi ti bò ó kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú kókó náà. Ó fi èékánná sí i, ó fi eyín sí i. Kò mì. Ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, láìyíjú padà, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ tí ìka méjì ò ṣiṣẹ́.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yẹn."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́.